Àbúrò mi kò fẹ́ fi ẹgbẹ́ ìlú wa sílẹ̀: ṣé ìfẹ́ ni, àbí ẹ̀rù?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ọmọ Kétu ni mí. Àbúrò mi ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún 28. Láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún 15 ni ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ìlú wa. Ọwọ́ ẹ̀yìn ni ó wà, láàárín gan-an, kò sì gbá fún ẹgbẹ́ mìíràn rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ará Kútọnu ti wá bèèrè rẹ̀, ẹnì kan sì tún ti òkèèrè wá. Gbogbo rẹ̀ ni ó kọ̀. Àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti kọ́lé, òun ṣì ń fi alùpùpù gbé èrò ní àárọ̀ kí ó tó lọ sí pápá ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá wa ní ẹ̀rù ni ó ń bà á. Òun ní ìfẹ́ ìlú òun ni. Ṣé kì í ṣe pé ó ń fi ayé rẹ̀ ṣòfò? Tí ó bá sì wá pinnu láti lọ, ṣé ẹgbẹ́ lè ní àwọn kò jẹ́ kí ó lọ?"

Ẹ kú àníyàn àbúrò, ẹ̀gbọ́n. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó mú gègé, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi ti gbé sùn ní ọ̀pọ̀ òru. Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi gbá ọwọ́ ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbi tí wọ́n bí mi sí, láti ọmọ ọdún 19 títí orúnkún mi fi ní ó tó gẹ́ẹ́, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọdé bí a ti ń dènà. Bí mo bá gbọ́ yín yé, ohun méjì ni ẹ so pọ̀ mọ́ra. Èkínní ni bóyá dídúró tí àbúrò yín dúró jẹ́ ìwà ọmọlúàbí tàbí ìwà ojo. Èkejì ni bóyá ìlẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀ fún un bí ó bá fẹ́ jáde. Ìdáhùn èkejì wà nínú ìwé, a ó sì dé ibẹ̀. Èkínní ni ó gba àlàyé, nítorí pé nínú ẹ̀yin, ìyá yín àti àbúrò yín, mo rò pé olúkúlùkù ti rí apá kan òtítọ́ dì mú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ohun kan tí mo rí nínú lẹ́tà yín, bí ẹ kò tilẹ̀ sọ ọ́ síta. Ó dà bí ẹni pé ẹ gbà pé agbábọ́ọ̀lù tí ó bá mọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ lọ, àti pé ẹni tí ó bá dúró, àléébù kan ni ó dá a dúró. Bóyá ti ọwọ́ iwájú rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ kiri nínú ẹsẹ̀ ara rẹ̀; bí ó tilẹ̀ dé ìlú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni, tí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sí i lẹ́sẹ̀ níwájú àwọ̀n, yóò ṣe ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀yìn kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìdajì rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n yí i ká. Bí àwọn mẹ́rin bá fẹ́ sún síwájú lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n lè fi ọwọ́ iwájú alátakò sílẹ̀ ní ọfúsáìdì, ibi tí òfin kò ti jẹ́ kí ó gba bọ́ọ̀lù, tí ẹnì kan ṣoṣo bá lọ́ra ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo wọn ti ṣìnà nìyẹn, góòlù sì lè wọlé. Ẹni tí a jọ dúró láàárín fún ọdún mẹ́jọ jẹ́ ọmọ Gùn, iṣẹ́ wẹ́dà ni ó ń ṣe ní ọ̀sán. Mo mọ̀ pé bí ó bá fẹ́ fò fún bọ́ọ̀lù orí, yóò kọ́kọ́ fi imú mí kíkan. Bí mo bá ti gbọ́ èémí yẹn, n kì í wo òkè mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń sá lọ láti kó ohun tí ó bá já bọ́. Kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá kankan tí ó kọ́ wa ní èyí. Ó tó ọdún méjì kí n tó mọ̀ pé mo ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ kan ní Kútọnu ń fẹ́ mi, ohun àkọ́kọ́ tí ó wá sí mi lọ́kàn ni pé n kò mọ bí ẹni tí n ó dúró tì níbẹ̀ ṣe ń mí.

Ilẹ̀ pàápàá wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ Kétu. Bí ọyẹ́ bá ti gbẹ ẹ́, bọ́ọ̀lù tí ó bá bọ́ sí i máa ń ta sókè ju bí àlejò ti rò lọ, bí òjò àkọ́rọ̀ bá sì ti rọ̀, bọ́ọ̀lù kan náà yóò sùn mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó ti dúró lórí rẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlá ti mọ ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí kí bọ́ọ̀lù tó dé. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí mo bá wá sí Kétu tí mo sì gba ẹnu ibodè Akaba Ìdènà kọjá, mo máa ń rántí pé àwọn baba ńlá yín wa yàrà, wọ́n mọ odi yí ìlú ká, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé odi nìkan kò tó, pé ó di dandan kí ẹni tí yóò ṣọ́ ẹnu ọ̀nà jẹ́ ẹni tí ó mọ ojú àwọn tí ń wọlé. Nítorí náà, bí àbúrò yín bá ní ìfẹ́ ìlú ni ó dá òun dúró, ẹ má ṣe rò pé àwáwí lásán ni. Ìfẹ́ náà wà, ìmọ̀ tí kò ṣeé dì sínú báàgì sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀rí tí mo máa ń fi han àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ni ti ẹgbẹ́ Milan ní sáà 1993–94. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 34 tí wọ́n gbá nínú líìgì ilẹ̀ Ítálì, góòlù 15 péré ni ó wọlé wọn. Góòlù tí àwọn náà gbá wọlé kò ju 36 lọ, èyí tí ó kéré jọjọ fún ẹgbẹ́ ńlá, síbẹ̀ àwọn ni wọ́n gba ife. Tassotti, Costacurta, Baresi àti Maldini ni wọ́n wà lẹ́yìn, nígbà tí sáà yẹn sì fi dé, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jọ ń dúró pọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ní owó tí wọ́n lè fi ra ẹni mẹ́rin tí ó dára bẹ́ẹ̀ tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí kò sí lọ́jà ni ọdún tí wọ́n ti lò pọ̀.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fi Maldini tu àbúrò yín nínú. Ọmọ ìlú Milan ni Maldini lóòótọ́. Bàbá rẹ̀, Cesare, ni balógun ikọ̀ náà nígbà tí wọ́n gba ife Yúróòpù ní 1963. Òun fúnra rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún Milan láti 1985 títí di 2009, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 902, ife Yúróòpù márùn-ún, kò sì gbá fún ẹgbẹ́ mìíràn. Iṣẹ́ tí ó ga ni. Ṣùgbọ́n kí ni Maldini fi sílẹ̀ nígbà tí ó dúró? Ibi tí gbogbo àgbáyé ń fẹ́ lọ ni wọ́n bí i sí. Owó, oníṣègùn, pápá, ife, gbogbo rẹ̀ wà nílé. Ti Baresi sún mọ́ ọ̀rọ̀ yín díẹ̀, nítorí pé Milan já sí ìpele kejì lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ó wà níbẹ̀, ní 1980 nítorí ẹjọ́ àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ó kan àwọn ẹgbẹ́ mélòó kan, àti ní 1982 lórí pápá fúnra rẹ̀, síbẹ̀ kò lọ. Àmọ́ Milan náà ṣì ni Milan.

Ẹni tí mo fẹ́ kí àbúrò yín mọ̀ ni John Trollope, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Abúlé Wroughton, lẹ́bàá ìlú Swindon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí i sí ní 1943. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ọwọ́ ẹ̀yìn òsì fún ẹgbẹ́ Swindon ní 1960, ọmọ ọdún 17 ni nígbà náà, kò sì bọ́ ẹ̀wù náà sílẹ̀ títí di 1980. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 770 ni ó gbá, gbogbo rẹ̀ fún Swindon, kò sì sí ẹlòmíràn nínú Football League ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó tíì gbá tó bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Swindon kì í ṣe Milan. Ní 1969, ìpele kẹta ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n pàdé Arsenal ní ìdíje àṣekágbá ife líìgì ní Wembley. Kò sí ẹni tí ó rò pé wọ́n lè mí níwájú Arsenal, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi parí àfikún àsìkò, Swindon ti fi ẹ̀yìn wọn balẹ̀ pẹ̀lú góòlù 3 sí 1, Trollope sì wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Ohun tí ó ṣe pàtàkì sí mi jù ni ohun tí ó tẹ̀lé ìgbà tí ó kúrò lórí pápá: ẹgbẹ́ náà fi iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọdé lé e lọ́wọ́, láàárín 1981 sí 1983 òun náà sì ni ó ń darí ikọ̀ àgbà. Ó fún ẹgbẹ́ ní ogún ọdún, ẹgbẹ́ sì ní àyè fún un lẹ́yìn ogún ọdún náà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fi ojú sí, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń sọ fún wa nígbàkigbà tí wọ́n bá ń yin olóòótọ́ agbábọ́ọ̀lù.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí dídúró ń gbà lọ́wọ́ ẹni pẹ̀lú. Ní 2019, nígbà tí ikọ̀ orílẹ̀-èdè wa, Benin, dé ìpele àwọn ẹgbẹ́ mẹ́jọ tí ó kẹ́yìn nínú ife Áfíríkà ní Íjíbítì, ọwọ́ ẹ̀yìn ni ó gbé wa débẹ̀. A kò borí ẹnikẹ́ni láàárín 90 ìṣẹ́jú. A gbá ọ̀mì 2 sí 2 pẹ̀lú Gánà, 0 sí 0 pẹ̀lú Guinea-Bissau, 0 sí 0 pẹ̀lú Kamẹrúùnù, a sì gbá 1 sí 1 pẹ̀lú Mòrókò kí a tó fi pẹnárítì lé wọn lọ. Moïse Adilehou tí ó jẹ́ ọwọ́ ẹ̀yìn ni ó tilẹ̀ gbá góòlù wa wọlé. Góòlù kan ṣoṣo ni Senegal fi rán wa padà sílé. Omi bọ́ lójú mi ní alẹ́ tí a lu Mòrókò, n kò sì tijú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí àwọn tí wọ́n wà nínú ikọ̀ náà ti ń jẹun: èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ń gbá bọ́ọ̀lù ní òkè òkun. Bí àbúrò yín bá ní ìrètí láti wọ ẹ̀wù orílẹ̀-èdè, kí ó mọ̀ pé dídúró sí Kétu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ìlẹ̀kùn yẹn. N kò sọ pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

Ní ti ọjọ́ orí, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹni ọdún 28 kò tíì gbó fún àárín ọwọ́ ẹ̀yìn. Eré sísá ni ó ń kọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ojú tí ń rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀ ń mú sí i, nígbà tí mo di ọmọ ọdún 29 mo kọ́ láti dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn tí wọ́n yára jù mí lọ kò sì rí mi bá mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ni Maldini ti bẹ̀rẹ̀, ó sì sún wá sí àárín bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù nínú lẹ́tà yín ni alùpùpù. Ẹni tí ó bá jókòó lórí alùpùpù láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di ọ̀sán, nínú eruku, tí ó wá sá lọ sí ìdánrawò ní agogo mẹ́rin lórí ilẹ̀ líle, iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ ti sún kì kí ó tó sáré kankan. Kí ó má ṣe fò wọ pápá. Kí ó rin ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó sì na iṣan náà díẹ̀díẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Ledley King tí ó gbá ọwọ́ ẹ̀yìn fún Tottenham nìkan ṣoṣo ní orúnkún tí ó bàjẹ́ débi pé ní àwọn ọdún ìkẹyìn rẹ̀ kì í lè bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dánra wò, ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ nìkan ni ó ń jáde. Ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní 2012, ọmọ ọdún 31 péré. Ẹgbẹ́ olówó ni ó ń tọ́jú orúnkún yẹn. Ẹ bi àbúrò yín léèrè pé bí tirẹ̀ bá lọ lọ́la, ta ni yóò san owó ilé ìwòsàn? Ìdáhùn rẹ̀ yóò sọ púpọ̀ fún yín nípa ẹgbẹ́ tí ó ń fẹ́ràn.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ìyá yín. Ó ṣòro fún mi láti kọ abala yìí, ṣùgbọ́n bí n kò bá kọ ọ́, n kò tíì dá yín lóhùn. Nínú ọdún mẹ́tàlá tí mo lò, ìfẹ́ ni mẹ́jọ àkọ́kọ́. Ẹ̀rù ni márùn-ún tí ó kù, ìfẹ́ ni mo sì ń pè é. Mo mọ ìyàtọ̀ wọn nísinsin yìí nítorí ohun tí mo ń ṣe nígbà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó jẹ́ ìfẹ́, mo máa ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹgbẹ́: mo béèrè bàtà fún àwọn ọmọ kékeré, mo béèrè ìwé àdéhùn mi, mo bá alága jà nítorí omi mímu lórí pápá, bí wọ́n bá sì ní kí n máa lọ, mo ṣe tán láti lọ. Nígbà tí ó di ẹ̀rù, mo dákẹ́. N kò béèrè ohunkóhun mọ́, torí mo ń bẹ̀rù pé bí mo bá béèrè, wọn yóò wò mí dáadáa, wọn yóò sì rí i pé ẹlòmíràn lè ṣe é. Alága kan ṣèlérí fún mi lẹ́nu pé iṣẹ́ kan ń dúró dè mí nínú ẹgbẹ́ lọ́jọ́ tí mo bá parí. Kò kọ ọ́ sílẹ̀, èmi náà kò sì ní kí ó kọ ọ́, torí ó dà bí ẹni pé bíbéèrè ìwé lọ́wọ́ bàbá ẹni jẹ́ àrífín. Nígbà tí orúnkún mi lọ, alága mìíràn ti jókòó sórí àga náà, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi pẹ̀lú ìkẹ́, ó sì ní òun kò rí i nínú fáìlì kankan. Òótọ́ ni ó sọ. Ọdún mẹ́tàlá mi kò sí nínú fáìlì kankan.

Nítorí náà, ẹ má ṣe béèrè lọ́wọ́ àbúrò yín bóyá ẹ̀rù ń bà á. Kò sí ọkùnrin tí yóò dáhùn ìyẹn. Ẹ béèrè pé nígbà wo ni ó béèrè ohun kan gbẹ̀yìn lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà, kí sì ni wọ́n fi dá a lóhùn. Bí ó bá rí nǹkan kan sọ lójú ẹsẹ̀, inú mi yóò dùn. Bí ó bá ronú pẹ́ títí tí kò rí ohun kankan, ìyá yín lè ti rí i ju gbogbo wa lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ ìwé. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa gbà pé ẹgbẹ́ tí ó tọ́ wọn dàgbà ni ó ni wọ́n títí ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdájọ́ lórí ẹjọ́ Bosman, agbábọ́ọ̀lù ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́ọ̀mù kan, tí ilé ẹjọ́ Yúróòpù dá ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 1995 ni ó kọ́kọ́ fọ́ àṣà yẹn ní Yúróòpù, ìlànà FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, lónìí sì gbà pé ẹni tí àdéhùn rẹ̀ bá ti parí lè lọ sí ibi tí ó bá wù ú láìsí pé ẹnikẹ́ni san owó rírà lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ku oṣù mẹ́fà tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀ kí àdéhùn rẹ̀ parí lè fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú ẹgbẹ́ mìíràn ní gbangba. Bí ẹgbẹ́ bá jẹ agbábọ́ọ̀lù ní gbèsè owó oṣù méjì, ó lè kọ̀wé sí wọn, kí ó fún wọn ní ọjọ́ 15 ó kéré tán láti san án, bí wọn kò bá sì san án, ó ní ìdí tí ó tọ́ láti já àdéhùn náà. Ìlànà kan náà sọ pé ẹni tí ó ní àdéhùn tí a kọ sílẹ̀, tí owó tí wọ́n ń san fún un sì ju ohun tí ó ń ná lórí bọ́ọ̀lù lọ, nìkan ni agbábọ́ọ̀lù tí ń gbowó iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rẹ́ àti ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó so àbúrò yín mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sí àdéhùn tí wọ́n lè fi dá a dúró, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó lè fi gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ náà. N kì í ṣe agbẹjọ́rò, n kò sì tíì rí ìwé rẹ̀. Ti ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ láàárín Benin níhìn-ín, ìlànà àjọ bọ́ọ̀lù wa ni kí ó béèrè fún, ilé iṣẹ́ wọn sì wà ní Àjàṣẹ́.

Ohun kan wà tí mo rò pé yóò tu àbúrò yín lára, bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó ń rò ni pé lílọ òun yóò fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. FIFA ti pa á láṣẹ pé bí ẹgbẹ́ kan bá fi owó ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn kí àdéhùn rẹ̀ tó parí, a ó yọ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà fún àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Sáà kọ̀ọ̀kan láti 12 sí 15 ń gba ìdá 0.25, sáà kọ̀ọ̀kan láti 16 sí 23 sì ń gba ìdá 0.5. Àbúrò yín bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 15 kò sì kúrò níbẹ̀, nítorí náà ìdá 4.25 ni ti ẹgbẹ́ Kétu. Ká sọ pé ó lọ sí Kútọnu, tí ẹgbẹ́ òkèèrè kan sì wá rà á níbẹ̀ ní mílíọ̀nù 20 owó sẹ́fà: 850,000 ni ó yẹ kí ó dé Kétu. Owó yẹn lè ra bọ́ọ̀lù àti bàtà fún ọmọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ni wọ́n fi ń pín in, kí ẹgbẹ́ sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní sáà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá lọ lẹ́yìn tí àdéhùn rẹ̀ ti parí, kò sí owó rírà, a kì í sì í pín ohun tí kò sí. Owó títọ́ dàgbà tí wọ́n ń san fún ẹgbẹ́ tí ó kọ́ ọ̀dọ́mọdé agbábọ́ọ̀lù kò kàn án mọ́, torí ó ti kọjá ọdún 23.

Kí ni mo wá rò pé ó yẹ kí ó ṣe? Bí ó bá jẹ́ ọmọ mi ni, n kò ní lé e jáde ní Kétu. N ó ní kí ó jókòó pẹ̀lú àwọn alákòóso, kí ó sì ní òun fẹ́ dúró, ṣùgbọ́n lórí ìwé: àdéhùn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, iye owó oṣù bí ó ti wù kí ó kéré tó, ẹni tí yóò san owó ìtọ́jú bí ó bá fara pa lórí pápá, àti pé ẹgbẹ́ yóò rán an lọ gba ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni D ti CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, kí ó tó pé ọmọ ọdún 30, kí ó lè máa kọ́ àwọn ọmọdé nígbà tí ó ṣì ń gbá. Bí wọ́n bá gbà, ó ti rí ohun tí Trollope rí, bí kò tilẹ̀ tó o. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín tàbí tí wọ́n ní "ìwọ náà, ọmọ wa," tí wọn kò mú gègé, kí ó lọ, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní aláìmoore. Lílọ sí Kútọnu ni mo fẹ́ràn ju ti òkèèrè lọ ní ọjọ́ orí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kí ẹgbẹ́ Kétu kàn yá wọn ní i fún sáà kan, kí ó lọ wo bí ara rẹ̀ ti tó láàárín àwọn tí wọ́n yára jù ú lọ. Ní ti ẹni tí ó ti òkèèrè wá, n kò mọ̀ ọ́n, nítorí náà n kò ní bà á lórúkọ jẹ́, ṣùgbọ́n láti 2023 ni FIFA ti ń béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe aṣojú agbábọ́ọ̀lù. Kí ó fi tirẹ̀ hàn. Bí ó bá béèrè owó físà tàbí owó ìdánrawò lọ́wọ́ yín ṣáájú, ẹ má ṣe ta ilẹ̀ kankan.

Ẹ wí nípa àwọn tí wọ́n ti kọ́lé. Ilé wọn kì í ṣe irọ́, n kò sì ní sọ fún yín pé orúkọ rere ń di òrùlé fún ẹnikẹ́ni. Bí owó bá ni ohun tí ilé yín nílò jù lọ báyìí, bóyá nítorí àìsàn ìyá tàbí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, ìyẹn nìkan tó láti mú un lọ, kò sì sí ohun tí mo kọ sókè tí ó lè bì í ṣubú. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ mọ èyí.

Ìmọ̀ràn tèmi ní ààlà, ẹ̀gbọ́n, nítorí pé n kò tíì rí àbúrò yín lórí pápá. Ó lè dára ju bí ẹ ti rò lọ. Ó sì lè jẹ́ pé Kétu gan-an ni ibi tí ó yẹ ẹ́. Àárọ̀ Sátidé kọ̀ọ̀kan ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Àjàṣẹ́, láti agogo méje. Ẹ ní kí ó gbé alùpùpù rẹ̀ sílé lọ́jọ́ kan, kí ó wọ ọkọ̀ wá, kí ó sì mú ìwé yòówù tí ó bá wà láàárín òun àti ẹgbẹ́ náà dání, títí kan èyí tí ó ti ya. Kí ó mú bàtà rẹ̀ náà dání. N ó fi í sí àárín, láàárín àwọn ọmọ tí kò mọ̀ rí, n ó sì wo bí yóò ti pẹ́ tó kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sọ̀rọ̀.